Kí o tó sọ pé "níbi tí mo ti ń bọ̀"

Gbólóhùn kan wà tí mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tuntun pa mọ́ sínú fún ìgbà díẹ̀. Òun ni "níbi tí mo ti ń bọ̀, báyìí là ń ṣe é." Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ẹni tó ń sọ ọ́ kò sì ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ọ máa ń mú níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ òun kò dára tó. Tó bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àlejò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yóò pẹ́ kó tó sọ tinú rẹ̀ fún un.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láàárín àwọn tó ń sọ Ègùn, Yorùbá àti Faransé mọ́ra wọn láìdánu dúró. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní agbègbè Kétu, iṣẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn nígbà tí mo wọ mọ́tò, a kọjá Sàkẹ́tẹ́, a kọjá Pọ́bẹ̀, mo sì ti pinnu pé títí n ó fi mọ ìdí nǹkan, ìbéèrè ni yóò máa ti ẹnu mi jáde.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ọjọ́ àjẹsára. Ní Àjàṣẹ́, ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ la máa ń gba àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ti mọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ti mọ ọjọ́ wa. Ní Kétu, kàlẹ́ńdà ara ògiri kún fún àmì tí wọ́n fi bíírò pupa fà, ọjọ́ náà kò sì dúró sójú kan: bó bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ ọjọ́ Ajé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ti ìlú ńlá wá lè pè é ní àìlétò. Mo bi ìyá tó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, òun ló pẹ́ jù lọ nílé ìwòsàn náà, pé: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń yan ọjọ́ yìí?"

Ó ní, "Ọjà ni, ọmọ mi. Ọjà ló ń yan án fún wa."

Ó wá là á yé mi. Ọjà ọrọọrún ni wọ́n ń ná níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ló sì fi ń yí po, nítorí náà kò lè bá ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ rìn pọ̀. Bó bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ajé ni yóò tún kò, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ ọjà, ìyá kan kì í jókòó sí abúlé; gààrí, ata, iṣu tàbí àgbàdo wà lórí rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àpótí àjẹsára lọ sí abúlé lọ́jọ́ náà, àwọn arúgbó nìkan ni yóò bá nílé. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi ń tẹ́ tábìlì sẹ́bàá ọjà lọ́jọ́ ọjà. Ní ọjọ́ kejì, tí àwọn ìyá ti padà sílé tí wọ́n ń sinmi, a ó wá tọ̀ wọ́n lọ.

Kì í ṣe pé n kò mọ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Àjàrá, ní tòsí Àjàṣẹ́, ń ná ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin títí dòní, ọmọdé ni mo wà tí mo ti ń tẹ̀ lé ìyá mi lọ síbẹ̀. Mo kàn ń rò pé ọ̀tọ̀ ni ọjà, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni.

Ìdí tún wà tó jẹ́ ti ìṣègùn gan-an, èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo nọ́ọ̀sì tuntun ronú lé kó tó ṣàríwísí ètò ẹlòmíràn. Àjẹsára èéyi àti BCG, èyí tí ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n. A gbọ́dọ̀ fi omi tiwọn pò wọ́n kí a tó lè fún ọmọ. Bí a bá ti pò wọ́n, wákàtí mẹ́fà ló pọ̀ jù tí a lè fi lò wọ́n. Bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá sì parí ṣáájú wákàtí mẹ́fà, a ó da èyí tó ṣẹ́kù nù. Ìgò kan lè tó ọmọ mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ọmọ méjì péré ló wá, ìwọ̀n ọmọ mẹ́jọ la ó dànù, oṣù tó ń bọ̀ sì lè bá wa láìní èyí tó tó. Ẹni tó yan ọjọ́ ọjà ti ro gbogbo èyí pọ̀ kí n tó dé. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, àlàyé yìí kò ní dé etí mi. Wọn yóò dákẹ́, wọn yóò máa wò mí.

Òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn alẹ́ orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, náà ní òfin tirẹ̀. Kétu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ mọ́ ara àwọn àjogúnbá tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹni tó bá sì gbé lágbègbè náà mọ̀ pé Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin mọ́jú ni. Àwọn ìyá wà lójú agbo títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣílẹ̀kùn fún àjẹsára ní kùtùkùtù ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà tí oòrùn bá gòkè dáadáa. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ èyí sí. Ẹnu ọ̀rọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí a jọ ń jẹun.

Ó yẹ kí n sọ nípa ìyá yìí síwájú sí i, nítorí òun ni mo fi mọ bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ti gidi. Lórí ìwé, èmi nọ́ọ̀sì ni mo ni fíríìjì àjẹsára. Ní tòótọ́, òun ló ni ín. Òun ló ń ka tẹ̀mómítà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí kan ọjọ́ Àìkú, òun ló sì ń kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí àárín 2 °C sí 8 °C ni àjẹsára gbọ́dọ̀ wà. Kò ka ìwé lọ títí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó mọ yìnyín tó o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ooru, wọ́n sì gbàgbé pé òtútù àjù náà ń ba àjẹsára jẹ́. Penta, ìyẹn àjẹsára tó ń dènà àrùn márùn-ún pọ̀, àti èyí tó wà fún tẹ́tánọ́ọ̀sì, bí wọ́n bá ti dì, agbára wọn ti lọ nìyẹn, ojú lásán kì í sì í tètè mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ́ padà. Nítorí náà, kì í kó àwọn ike yìnyín láti inú fìrísà tààrà sínú àpótí. Yóò tò wọ́n sórí tábìlì títí wọn yóò fi máa làágùn, yóò wá gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sétí, yóò mì í. Bó bá ti gbọ́ tí omi ń dún nínú rẹ̀, ó ti tó láti wọ àpótí.

Mo ti kọ́ èyí nílé ẹ̀kọ́. Ìwé sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Síbẹ̀ mo ní kó kọ́ mi, mo sì dúró tì í ní kùtùkùtù kí a tó jáde, nítorí pé bí yìnyín ṣe ń pẹ́ tó kó tó làágùn nínú ọyẹ́ yàtọ̀ sí ti ìgbà ooru, òun ló sì mọ ti yàrá yẹn. Àwọn kan yóò ní kí ni nọ́ọ̀sì ń kọ́ lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́. Mo rò pé ìbéèrè náà kò dára. Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ ká bi léèrè, ohunkóhun tí ìwé ìbáà pè é. Láti àárọ̀ yẹn ló ti ń pè mí bó bá rí ohun tó kọ ọ́ lóminú: ìgò tí onígun mẹ́rin kékeré tó wà lára àmì rẹ̀ ti fẹ́ dúdú bí òbírí tó yí i ká, tàbí tẹ̀mómítà tó gòkè díẹ̀ lẹ́yìn tí iná lọ. Ká ní n kò dúró tì í, ta ni yóò pè?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ bàbá ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé lóru. Òun nìkan ló ń mọ ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tó padà. Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń kọ́kọ́ dúró kí n tó wọlé: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Iná ńkọ́?" Yóò sọ fún mi, n ó sì mọ ohun tí ojú mi máa wá lára tẹ̀mómítà. Mo ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń wá ọ̀gá kiri láti kí i tí wọn kò sì rí ọdẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ìkíni tí wọ́n fò yẹn, àwọn ará ilé kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀gá wa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Májọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé ìwòsàn wa ní Bẹ̀nẹ̀, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo bi í ní ọjọ́ tí mo dé pé, "Májọ̀, ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, ṣé mo lè pè é?" Ó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo pè é lálẹ́. Arábìnrin náà bá mi sọ̀rọ̀ tìdùnnútìdùnnú, ó dárúkọ àwọn abúlé tí ojú ọ̀nà wọn kì í ṣeé gbà lójò, pàápàá lọ́nà ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí tí amọ̀ rẹ̀ máa ń mú táyà mọ́lẹ̀, ó sì sọ àgọ́ Fúlàní tó máa ń ṣí kúrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó tún sọ ìlérí tó ti ṣe fún àwọn ìyá kan tí kò tíì mú ṣẹ kó tó lọ. Mo mú un ṣẹ. Mo gbà pé ẹni tó bá jókòó sí àga ẹlòmíràn ti jogún gbèsè orí àga náà. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá sì ń yìn ín lójú mi, èmi náà a máa yìn ín. Kí ni ó bàjẹ́? Ó ṣiṣẹ́ gidi.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ fún àlejò. Kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní ìjà àtijọ́. Láìpẹ́ tí o bá dé, wọn yóò gbé e wá bá ọ, ẹnìkan yóò pè ọ́ sápá kan, yóò ní kí o ṣọ́ra fún lágbájá. Nílé ìwòsàn wa, àwọn méjì kan wà tí kì í bára wọn sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ, àwọn méjèèjì sì bá mi sọ tẹnu wọn. Mo gbọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ o, ẹ ṣé tí ẹ fọkàn tán mi," mo sì yí ọ̀rọ̀ sí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. N kò gbé ọ̀rọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, n kò sì béèrè síwájú. Lójú tèmi, èyí ṣòro ju iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an lọ, pàápàá bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ṣoore fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbe ẹnìkan kí ó tó mọ ilẹ̀ mọ́ ti pàdánù ìdajì ẹgbẹ́.

Gbogbo wa ló ń dá èésú. Nígbà tí wọ́n pè mí sí i, mo gbà, mo sì ní kí wọ́n fi tèmi sẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó bá mọ èésú mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ẹni tó kó kẹ́yìn ló ti ya gbogbo àwọn tó kù lówó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ara tù wọ́n sí mi láti ọjọ́ yẹn. Ó ṣe pàtàkì sí mi láti fọkàn tán wọn kí n tó retí pé kí wọ́n fọkàn tán mi.

Ó wá di ìgbà tí mo ní ohun tí mo fẹ́ dábàá. A ní àpótí kan tí a ń to káàdì àwọn ọmọ sí ní oṣùoṣù, kí a lè mọ ẹni tí ìgbà àjẹsára rẹ̀ tó. Ètò náà dára fún ẹni tó jókòó nílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí à ń pè ní rẹlé, ìyẹn àwọn ará abúlé tó ń bá wa lọ láti ilé dé ilé, kì í mọ ọmọ ní oṣùoṣù. Abúlé ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n. Bí ọmọ kan kò bá wá, orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú àpótí, rẹlé abúlé rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Mo ti rí èyí tipẹ́, mo sì dúró títí mo fi bá rẹlé tó pọ̀ díẹ̀ jáde, kí n má baà máa sọ ohun tí n kò mọ̀. Mo kọ́kọ́ bá ìyá tó ni fíríìjì sọ ọ́. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má kó káàdì kúrò nínú àpótí, nítorí Májọ̀ ń fi ṣe ìròyìn oṣù. Ìmọ̀ràn yẹn ló gba àbá mi là. A fi àpótí sílẹ̀ bó ṣe wà, a wá ń kọ ìwé kékeré kan fún rẹlé kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ àwọn ọmọ abúlé tirẹ̀ nìkan wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ Májọ̀, ìyá náà ló sọ̀rọ̀, èmi gbè é lẹ́sẹ̀. Inú mi dùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti sọnù lójú wa bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, àwọn rẹlé a máa fi ìdùnnú gbé wọn wá fúnra wọn, nígbà mìíràn lórí alùpùpù, pẹ̀lú ìyá ọmọ lẹ́yìn.

Nígbà tó yá, wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó ní òye, ara rẹ̀ sì yá. Kí oṣù tó parí, ó ti sọ fún ìyá yẹn pé bó ṣe ń mi yìnyín sétí kò bá ìgbà mu mọ́, pé níbi tí òun ti wá, wọ́n ní àpótí tuntun. Ìyá náà dákẹ́. Ó dákẹ́ fún un lọ́jọ́ yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀. N kò bá a wí lójú ènìyàn, mo kàn ní kó bá mi lọ sí ọjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń bọ̀, kó sì dé kùtùkùtù, kó bá ìyá kó yìnyín. Mo ní kó bi í ní ohun mẹ́ta tó bá fẹ́, kó má sọ ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ le síra wọn. Nígbà tí a fi máa gbé àpótí sẹ́yìn alùpùpù, ìyá ti ń ní kó gbé etí tirẹ̀ náà wá, kó gbọ́ bí omi ṣe ń dún.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe àlejò nìkan ló ni iṣẹ́. Àwa onílé náà máa ń retí kí ẹni tuntun mọ ohun tí a kò sọ fún un, a ó wá máa bínú pé kò mọ̀ ọ́n. Mo bá Májọ̀ àti àwọn yòókù sọ̀rọ̀, a sì kọ ojú ìwé kan tí a ń fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rán wá báyìí: bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ọ̀nà tí kò ṣeé gbà lójò, ta ni kó bi nípa fíríìjì, ta ni kó bi nípa iná, ta ni rẹlé abúlé wo. A ní kí ẹni náà kọ ohun tó bá ṣàjèjì sí i sẹ́yìn ìwé náà ní oṣù àkọ́kọ́, kó sì bi wá ní ìdí rẹ̀. Agbẹ̀bí tó dé kẹ́yìn ti kọ méjì. Ó ní kí ló dé tí àwọn ìyá tó wá láti àgọ́ Fúlàní fi ń jókòó sí ìta nígbà tí àga wà nínú ilé, àti pé kí ló dé tí a kì í kọ nọ́ńbà fóònù bàbá ọmọ sínú kànẹ́, ìyẹn ìwé ìlera ọmọ, ti ìyá nìkan. Èkejì, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ti àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó rí ìdí rẹ̀ sọ nínú wa, nítorí náà òun àti ìyá ń lọ sí àgọ́ náà lọ́jọ́ kejì ọjà láti lọ bi wọ́n.